Bí Mo Ṣe Fi Ẹ̀jẹ̀ Ríru Pín Oyè ní Yábàá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi jiyàn: nínú gbogbo èèyàn tó ń mí lónìí, èmi nìkan ló fi ojú ara rẹ̀ rí ààfin Ọ̀yọ́ Ilé kó tó tú. Mo bá wọn jẹun níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń bu omi sí ọba lọ́wọ́, mo mọ èyí tó ń purọ́ jù nínú àwọn ìjòyè, mo sì mọ orúkọ ẹṣin tó ta Baṣọ̀run nípàá lójú agbo. Bí ẹ bá wo ojú mi tí ẹ rí i pé n kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ má bi mí léèrè. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì Yábàá náà ò bi mí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà níbẹ̀ tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi wọ ilẹ̀.

Mùṣín ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, ìwé mẹ́rin ni mo sì kà kí bàbá mi tó fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́. Ládìpọ̀ ni mo ti lo ayé mi, níbi tí mo ti ń ta páàtì mọ́tò tòkúnbọ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn dídùn ò jẹ́ kí n lè gbé ẹ́ńjìnnì mọ́, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ẹlòmíì, mo wá jókòó sílé. Ìyàwó mi ti lọ nígbà yẹn, ibi tí a kì í ti í bọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Kánádà, obìnrin wà ní Àbújá. Tí wọ́n bá pè, wọn á béèrè bóyá mo ti jẹun, màá ní mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹ ò lè mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́ tó. Fáànù mi ní ohùn kan tó máa ń pa bó bá yí dé apá òsì, mo wá dẹni tó ń dá a lóhùn. Nígbà tí iná lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó dùn mí bí ẹni pé àlejò mi ti bínú padà sílé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló yọ mí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sunkún tí wọ́n bá sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Nígbà tí wọ́n sọ fún èmi, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Yábàá, pé tèmi ru díẹ̀, pé kí n máa wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí àwọn máa wọ̀n ọ́n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi tún un sọ, ó rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé bẹ́ǹṣì kan wà, èèyàn sì wà lórí rẹ̀.

Arúgbó mẹ́jọ la jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀. Ibi tí kálukú ti wá la fi ń pè é. Èmi ni Bàbá Ládìpọ̀. Ẹni tó máa ń jókòó lápá ọ̀tún mi ni Bàbá Rélùwéè, tó ṣiṣẹ́ ní Ìdó títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó sì máa ń pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lọ lẹ́yìn rẹ̀. Lápá òsì mi ni Màmá Ìwáyà, opó kan tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, tí òórùn èéfín kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa, ọmọdébìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kéré jù nínú wa bí i lọ́mọ, òun ló gbé gíráàfù dé. Ó lẹ káàdíbọ́ọ̀dù ńlá kan mọ́ ògiri níwájú bẹ́ǹṣì, ó sì fún kálukú ní àwọ̀ tirẹ̀. Tó bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ tán, á fi bírò aláwọ̀ rẹ ṣe àmì róbótó kan sójú ìwé náà, á wá fa ìlà láti àmì ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá sí tòní. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ru sí i, àmì á gòkè. Bó bá rọlẹ̀, àmì náà á sọ̀ kalẹ̀. Dókítà á máa wo ìrìn àwọn ìlà náà kó tó mọ oògùn tó yẹ kó yí padà àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òyìnbó ló fi dì í, kò sì sí ẹni tó tú u nínú wa. Èyí tí mo tú fún yín yìí, ẹ̀yìn ìgbà tí ojú ti tì mí tán ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, àmì pupa ti Màmá Ìwáyà ló ga jù lórí ìwé. Nọ́ọ̀sì mi orí, ó ní, “Màmá, tiyín ga o,” ó sì wọlé lọ mú oògùn wá. Màmá Ìwáyà kàn ń wo àmì náà, ó ń fi ìka yí etí ìró rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó rọra fẹnu sí mi létí.

“Bàbá Ládìpọ̀, ṣé ikú ni wọ́n yà síbẹ̀ yẹn?”

Ó yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀. Ẹni tó ka ìwé mẹ́rin kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìtumọ̀ gíráàfù. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń gbọ̀n, irọ́ tó bá sì fẹ́ jáde lẹ́nu mi kì í kan ilẹ̀kùn.

“Ikú kẹ̀?” ni mo wí. “Àyè Baṣọ̀run lẹ jókòó sí yẹn.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú. Mo bá na ẹsẹ̀ mi, mo gbọn ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Mo ní ohun tó wà lára ògiri yìí, àwa la ni ín tẹ́lẹ̀, àwọn òyìnbó ló wá dà á kọ. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, mo ní, ibi tí wọ́n bá fi ọ́ jókòó sí láàfin ni gbogbo ayé fi ń mọ ẹni tí o jẹ́. Ọba ló wà lókè pátápátá. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni Baṣọ̀run, ẹni tó bá tẹ̀ lé e ni Àgbàakin, lẹ́yìn ìyẹn Sàmù, Alápìn-ín-ni, Lágùnnà, Akínikú, títí dé orí Aṣípa. Àwọn méje yìí, ọba fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí igbá òfìfo síwájú rẹ̀, á lọ sùn, kò sì ní jí. Ìyá ìyá mi ló máa ń ka orúkọ oyè wọ̀nyẹn fún wa lálẹ́ bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ààfin kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn fún bẹ́ǹṣì.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá mi tọ́ka sí àmì kọ̀ọ̀kan, mo ń fi wọ́n joyè láti òkè wá sísàlẹ̀. Bàbá Rélùwéè bọ́ sí Aṣípa. Èmi alára, àmì aláwọ̀ ewé tèmi wà lábẹ́ gbogbo wọn, mo ní ìránṣẹ́ tó ń mú ẹṣin ọba lọ mu omi ni mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá Ìwáyà fi etí aṣọ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí ìránṣẹ́ ẹlẹ́ṣin yìí wá kí òun dáadáa kí òun tó pàṣẹ kí wọ́n nà án. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí mo sọ. Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín yẹn báyìí, mo mọ̀ pé n ó tún purọ́.

Kò pẹ́ tí àyè rẹ̀ fi yọ. Bàbá Rélùwéè fẹ́ mọ̀ bóyá oyè kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀. Mo ní ṣé a máa ń joyè láìsí èèwọ̀ ni? Mo pín in fún wọn bí ẹni ń pín ẹ̀pà. Sàmù kì í kọ́kọ́ kí èèyàn. Lágùnnà kì í jókòó síbi tí ewúrẹ́ bá ti jókòó. Nọ́ọ̀sì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bọ̀ pẹ̀lú páálí oògùn lọ́wọ́, mo wò ó, mo sì fi kún un pé Baṣọ̀run kì í gba oògùn lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ̀rín tún sọ. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí à ń rín.

Láti ìgbà náà ni bẹ́ǹṣì wa ti di ààfin. Kí nọ́ọ̀sì tó fa ìlà tán, a ti ń kígbe oyè. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé á kọ́kọ́ kí Baṣọ̀run kó tó kí ẹlòmíì. Bàbá kan tó jẹ́ pé ilé ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, tí wọn kì í sì í bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe pé kó sún ẹsẹ̀ kí wọ́n lè gbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà tó dúró sánṣán wá sílé ìwòsàn, nítorí pé òun ni Alápìn-ín-ni. Mo ń wò wọ́n, inú mi ń dùn. N kò tíì mọ̀ pé ẹni tí ebi orúkọ ti ń pa tipẹ́, kò yẹ kéèyàn máa fi oúnjẹ ṣeré níwájú rẹ̀.

Bàbá Rélùwéè ló kọ́kọ́ kọ oyè. Ó ní ọkùnrin tó ti fi àsíá dá rélùwéè dúró ní Ìdó kò lè jókòó sí ẹsẹ̀ ẹlẹ́ja. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ti jẹ ẹran oníyọ̀, ó ti gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ lọ ó ti gùn ún bọ̀, ó sì na apá fún nọ́ọ̀sì kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀. Àmì rẹ̀ fò sókè. Ó tún fìlà ṣe, ó yí ojú sí wa.

“Ta ni Baṣọ̀run?”

A ní òun ni. Kí la fẹ́ wí? Gíráàfù ti sọ̀rọ̀.

Bí ìdíje ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alhaja kan á fi hóró iyọ̀ sábẹ́ ahọ́n lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Télọ̀ kan tó jẹ́ Sàmù á pe lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ lórí fóònù kó tó kàn án, kí inú lè bí i dáadáa. Lánlọ́ọ̀dù náà ò mọ̀ pé ìtọ́jú ni wọ́n fi òun ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo ìlà tó wà lórí ìwé yẹn ni wọ́n dojú kọ òkè bí ẹni pé wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń pín ẹran níbẹ̀.

Ti Màmá Ìwáyà nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àwọn ìjòyè. Oògùn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó já sí Lágùnnà, ó já sí Aṣípa. Kò bá wa dápàárá mọ́. Mo ní kó má dá wọn lóhùn, pé eré ni.

“Mo mọ̀ pé eré ni,” ló fèsì. “Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ‘ẹlẹ́ja’ ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ìgbà tí ẹ ṣe eré yẹn nìkan ni mo jẹ́ nǹkan míì.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi díẹ̀. Ó yẹ kó gún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìṣòro tèmi náà wà níwájú mi. Nọ́ọ̀sì ti fẹnu sí mi létí pẹ̀lú ẹ̀rín pé àmì tèmi dára gan-an, bó bá dúró bẹ́ẹ̀, wọn ò ní yọ mí lẹ́nu mọ́, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni n ó máa wá. Ó rò pé òun ń kì mí kú oríire. Oṣù mẹ́ta! Èmi àti fáànù!

Mo bá pinnu pé ìránṣẹ́ ẹlẹ́ṣin náà gbọ́dọ̀ gòkè. Mo kọ́kọ́ ń sáré yí pápá tó wà nítòsí ilé wa ká láàárọ̀, mo rò pé bí Bàbá Rélùwéè ṣe gun afárá tí tirẹ̀ ru, tèmi náà á ru. Ìlà mi tún sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ẹ ti ń ṣe eré ìdárayá, àbí?” ó sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo mu kọfí dúdú, oorun ló gbé mi lọ lórí bẹ́ǹṣì, n kò mọ irú kọfí tí wọ́n tà fún mi. Nígbà tó yá mo po iyọ̀ mọ́ omi, mo pa ojú dé, mo gbé e mì gbùrà. Ẹ̀yin ará, inú mi ò gbà á. Kó tó kàn mí lọ́jọ́ náà, mo ti lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ́ẹ̀ tí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi bi mí bóyá mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni. Mo na apá. Ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n, kó tó ṣe àmì mi sí ìsàlẹ̀ ìwé níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni rí. Bàbá Rélùwéè yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìránṣẹ́ ti wọ abẹ́ ẹṣin lọ.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń wí. Dókítà tó jẹ́ olórí wọn fúnra rẹ̀ wá, obìnrin kan tó wọ awò ojú, tí kì í tètè sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú gíráàfù wa, ó wò ó títí. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá Ìwáyà ti tún padà di Baṣọ̀run. Àmì pupa rẹ̀ ti kọjá ti gbogbo wa, a sì ti kí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Orí ń fọ́ ọ láti àárọ̀, ó fi ọwọ́ dì í mú, ṣùgbọ́n ó jókòó bí ìjòyè.

Dókítà yíjú sí nọ́ọ̀sì. Ọpẹ́ ni pé Yorùbá ló fi sọ ọ́, bóyá kí àwa náà lè gbọ́.

“Bí ẹnì kan bá gòkè, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Kí àwọn méje tó ń lo oògùn kan náà wá jọ gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a jẹ́ pé ibí yìí ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Oògùn yìí ò dáa.”

Ó ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró fún gbogbo ẹni tó ń lò ó, títí kan àwọn tí kì í wá lọ́jọ́ tiwa. Ó ní kí wọ́n dáwọ́ ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun dúró pẹ̀lú, kí kálukú gba ilé ìwòsàn ńlá lọ títí àwọn á fi mọ ohun tó fà á. Èmi tí mo mọ ohun tó fà á ló wà níbẹ̀, tí mo ń wo bàtà mi. Ẹnu tó ti kọ́ odindi ààfin kò lè kọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ibi tí mo ti ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu ni dókítà ti tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ni ti àwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀sì fi mí hàn tayọ̀tayọ̀. Ó ní èmi nìkan ni mo ń ṣe bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ dìde, kí n sọ fún àwọn yòókù bí mo ṣe ń tọ́jú ara mi, kí wọ́n lè kọ́ ọgbọ́n. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Bàbá Rélùwéè wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́fun.

Mo dìde. Mo ní, ní tèmi o, omi ló ṣe pàtàkì. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ parí rẹ̀.

Bí mo ṣe dìde yẹn, kò sí ohun tó di Màmá Ìwáyà mú mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra tẹ̀ sí àyè tí mo fi sílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ orí lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó fẹ́ sùn, gèlè rẹ̀ sì yí lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e, kókó tó so sí etí ìró rẹ̀ tú. Hóró oògùn ló tú jáde, ọ̀pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń yí káàkiri ilẹ̀. Dókítà kúnlẹ̀ tì í, ó ń bi í pé màmá, kí ló dé tí ẹ ò lo oògùn yín?

Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo wa gbọ́ ọ.

“Baṣọ̀run kì í gba oògùn lọ́wọ́ ọmọdé.”

Dókítà wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo dókítà. Wọ́n rò pé ó ti ń ṣèránrán. Àwa ará bẹ́ǹṣì nìkan ló mọ̀ pé orí rẹ̀ pé, èmi sì mọ̀ pé èmi gan-an ló ń dá lóhùn.

Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá. Mo bá dókítà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọ mọ́tò tẹ̀ lé wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí Baṣọ̀run títí dé orí omi iyọ̀. N kò fi nǹkan kan dárà sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ìtàn mi kúrú. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní:

“Bàbá, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn yìí. Nítorí oyè.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó lè jẹ́ ọmọ mi. Ó sún sẹ́yìn, ó ní kí n dìde, ẹ jọ̀ọ́ bàbá. Ó pe nọ́ọ̀sì pé kó má dá oògùn náà dúró mọ́. Ó wá ní ìyà tí òun máa fi jẹ mí ni pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí nọ́ọ̀sì kọ́ mi ní gíráàfù títí yóò fi yé mi, kí èmi tí mo bà á jẹ́ náà fi ẹnu ara mi tún un ṣe.

Kò rọrùn. Àwọn ìjòyè mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa ń fẹ́? Mo ní kí wọ́n gbọ́, mo ní mo ṣì ààfin mọ̀ ni. Ìwé ara ògiri yìí, mo ní, kì í ṣe ibi ìjókòó, ibi ìkíni ni. Ní iwájú ọba, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja ló ń gbé orí rẹ̀ délé. Ẹni tó bá nàró, wọ́n á bá a wí. Ẹ̀jẹ̀ náà ni kí ó dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Kálukú wo àmì tirẹ̀ bó ṣe nàró gangan. Alhaja tutọ́ iyọ̀ sí áńkáṣífì. Bàbá Rélùwéè ronú títí, ó ní, “Ìwọ Ládìpọ̀, bó o bá tún purọ́ fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi ni n ó ṣí igbá òfìfo fún ẹ.” Ṣùgbọ́n ó gba oògùn rẹ̀, ó gbé e mì lójú mi. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba. Wọ́n sì fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún wa.

Nígbà tó yá, Màmá Ìwáyà padà wá. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n òun náà ni, pẹ̀lú òórùn èéfín rẹ̀. Ó jókòó sí apá òsì mi, ó wo ìwé ara ògiri, ó ní, “Bàbá Ládìpọ̀, oyè wo lẹ tún mú wá?” A jọ rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi jáde wá wò wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Bí o bá fẹ́ purọ́ láti pa èèyàn lẹ́rìn-ín, kọ́kọ́ wo ojú wọn ná, wo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ lè di èèwọ̀ fún. Àmì kan lórí ìwé kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹnu arúgbó kan náà kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ó dára. Ibi tí mo ti purọ́ fún yín nìyí: Màmá Ìwáyà ò padà wá. Kò kú o. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé apá rẹ̀ kan ò tíì ṣiṣẹ́ dáadáa, pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wá mú un lọ sí Ìjẹ̀bú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní nọ́ńbà, ó ní àwọn kì í fún èèyàn ní nọ́ńbà aláìsàn. Èmi ni mo fi ìpadàbọ̀ yẹn kún ìtàn, òun nìkan ni mo fi kún un láti ọjọ́ tí mo ti débi bẹ́ǹṣì. Gbogbo ìyókù ló ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

Mo tiẹ̀ lọ sí Ìwáyà fúnra mi. Mo bá àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi, mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ibi tí ọmọ Màmá Ìwáyà ń gbé. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an?” Mo dúró síbẹ̀, èmi tí mo fi í joyè. “Gbogbo àwa tẹ́ ẹ rí yìí náà ni Màmá Ìwáyà,” ló wí, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Kí ni n bá ṣe? Mo ra ẹja yíyan lọ́wọ́ wọn, mo sì gbé e lọ sílé.